Kànga Wa Di Oníyọ̀

Omi kànga wa níhìn-ín ní Wuye kò mọ iyọ̀ òkun. Inú àpáta ni ó wà, òkun sì jìnnà. Ṣùgbọ́n ní Àpápá, níbi tí iṣẹ́ rélùwéè ti gbé wa wá, kànga ilé wa di oníyọ̀.

Lábẹ́ ilẹ̀ etíkun, omi dídùn a máa léfòó lórí omi iyọ̀. Bí a bá fà á jù tí ó fi rẹlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1, omi iyọ̀ lè fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 40 gòkè.

Àbúrò wa níbẹ̀ ti gbẹ́ òmíràn, ó fẹ́ ra ẹ̀rọ ńlá sí i. A kọ̀wé sí i pé: fà á níwọ̀n, máa tọ́ ọ wò, bí iyọ̀ bá yọ, dáwọ́ dúró. Ìyá wa tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà ni yóò mu ún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé sí Èkó, ẹ bá aládùúgbò yín sọ ọ́: omi kan náà ni gbogbo yín ń fà.