Igi Ẹ̀yìnkùlé Wa Tanná

Níhìn-ín ní Maryland, bí oṣù kẹta bá ti ń parí lọ, igi ṣẹ́rì ẹ̀yìnkùlé wa a máa tanná kí ó tó rúwé. Jálẹ̀ ìgbà òtútù, ẹ̀ka rẹ̀ a rí bí igi ìdáná. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, funfun á bò ó bí aṣọ àlà. Àwọn ọmọ Ọbàtálá inú wa kì í lè wò ó kí wọ́n dákẹ́. Kì í pẹ́: ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, gbogbo rẹ̀ á ti rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń mú fóònù jáde.

Àárọ̀ kùtùkùtù ni a máa ń ya fọ́tò, kí oòrùn tó mú, kí afẹ́fẹ́ tó dìde. A ó sún mọ́ òdòdó kan títí a ó fi rí ewé rẹ̀ márààrún. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó gba òrìṣà ní ìlànà Kúbà, níbi tí márùn-ún ti jẹ́ iye Ọ̀ṣun, á ní àmì ni. Ọmọ ilé wa kan bèèrè pé, “Ìyá, ṣé kí n já díẹ̀ nínú ewé rẹ̀ sí omi ẹ̀rọ̀?” Ìyá wa ní, “Ọmọ mi, o mọ ohun tí à ń pè sí i? Wò ó ná.”

Ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ewé ṣẹ́rì tó bá ti rọ ní májèlé tó lè pa ewúrẹ́ àti màlúù. Ẹwà kọ́ ni àṣẹ ewé.

Síbẹ̀, ilẹ̀ àjèjì kò ṣàìní ewé. Nígbà tí wọ́n kó àwọn baba ńlá wa lẹ́rú dé Kúbà, wọn kò rí ìrókò níbẹ̀. Àràbà ni wọ́n fún ní orúkọ náà. Ní Bahia, irú ọ̀pọ̀tọ́ kan tí wọ́n ń pè ní gameleira ló gba ipò rẹ̀. A gbà pé wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n sì bi òrìṣà léèrè kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

Nítorí náà, fọ́tò wa kò parí sórí òdòdó mọ́. Ẹ̀ka kan náà là ń yà: èèpo, òdòdó, ewé tuntun, èso tí ẹyẹ ń jẹ, ewé tó pọ́n kí ó tó já. A ń kọ ọjọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọjọ́ tí a ó da obì bèèrè bá dé, a ó mọ igi tí à ń bèèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kí igi ẹ̀yìnkùlé yín kí ẹ tó yà á. Ẹ má já a. Kí Ọ̀sanyìn fún wa ní ojú tí a ó fi rí ewé, àti sùúrù tí a ó fi gbọ́ orúkọ rẹ̀. Àṣẹ.