Alẹ́ Àlọ́ àti Asọ̀rọ̀mágbèsì

Ọmọ mi obìnrin ní alẹ́ Jímọ̀ọ̀ ni àwọn fi ń ta Scrabble pẹ̀lú àwọn ọmọ. Mo ní ó dára. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó o, ẹ jẹ́ kí n yọ àkísà tèmi síta díẹ̀.

Ìbàdàn ni mo ń wí, Òkè-Àdó, nílé ìyá bàbá mi, kí ọdún 1960 tó dé. Bí a bá ti fọ àwo ọkà tán, Ìyá àgbà a da èèpo ọsàn gbígbẹ sórí ẹyín iná nínú àpáàdì láti lé ẹ̀fọn, èéfín yẹn a wá pò mọ́ òórùn kẹrosíìnì inú fìtílà, títí dòní bí ẹnikẹ́ni bá bó ọsàn nítòsí mi, àfi bíi pé wọ́n fẹ́ẹ́ pa àlọ́. Gúgúrú àti ẹ̀pà kọ́bọ̀ kan a kún ọwọ́ ọmọ méjì. Kọ́bọ̀ tí mo wí yìí kì í ṣe ti náírà tó dé ní 1973 o, kọ́bọ̀ oníhò ayé òyìnbó ni, tí méjìlá rẹ̀ ń jẹ́ ṣílè kan.

"Àlọ́ o!" "Ààlọ̀!" Àlọ́ àpamọ̀ ló máa ń ṣíwájú, kí ọpọlọ lè là, kí Ìjàpá tó wọlé pẹ̀lú orin rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan Ìyá àgbà bi mí nípa adìyẹ bàbá òun tó ń jẹ owó, tí kì í jẹ àgbàdo. Mo ní, "Ìyàwó ni." Àwọn ọkùnrin tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń húkọ́. Ẹjọ́ ni ìdáhùn. Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, nítorí ẹjọ́ ilẹ̀ kan wà lọ́rùn rẹ̀ lásìkò náà, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti bá a lọ. N kò gbàgbé ìdáhùn yẹn mọ́ láyé mi.

Ẹ̀nà, èdè àṣírí àwa ọmọdé, ńkọ́? A gbà pé àgbà kankan kò gbọ́ ọ. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń sọ ọ́ lẹ́yìn ilé ìdáná: "Mogo rígí ẹgẹjaga." Ìyá àgbà kò tilẹ̀ gbójú sókè nídìí ọlọ: "Ẹgẹ jógókògòógó." A sì jókòó wọ̀ọ̀. Àṣé ó ti ń fi ẹ̀nà jalè kí wọ́n tó bí bàbá wa.

Àpótí rédíò Rediffusion ti dé Ìbàdàn láti 1939, aládùúgbò wa kan sì ní ọ̀kan. Asọ̀rọ̀mágbèsì là ń pè é, ẹni tó fún un lórúkọ yẹn jàre. Ìyá àgbà lọ kí wọn níbẹ̀, ó dúró tì í, ó ní, "Àlọ́ o!" Àpótí ń bá ìròyìn rẹ̀ lọ. Ó tún pè é. Ló bá pòṣé: "Aláìlẹ́kọ̀ọ́." Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní 1959, ojú fèrèsé olówó là ń lọ dúró sí lálẹ́. Èmi náà lọ, kí n má purọ́. Ìyá àgbà a máa dá èèpo ọsàn rẹ̀ sun.

Ní Jímọ̀ọ̀ tó kọjá, mo ní kí wọ́n ká Scrabble kúrò nílẹ̀. Mo pa ti adìyẹ yẹn fún wọn, ọ̀kan ti fẹ́ẹ́ bi fóònù léèrè, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àbíkẹ́yìn wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ní òun náà ní tòun: "Bàbá àgbà, àlọ́ o! Owó ló ń jẹ, kì í yó. Bí ebi bá pa á, gbogbo ilé ló ń fi jẹ níyà." Mo ní ẹjọ́, ó ní rárá. Mo ní ọkọ̀, ó ní rárá. Mo ṣì ń rò ó tí gbogbo ilé fi ṣókùnkùn biribiri, tí bàbá wọn ń táràrà wá nọ́ńbà mítà kiri.

Ọmọ náà ní, "Ó ti dá yín lóhùn fúnra rẹ̀, Bàbá."