Má Tètè Fagi Lé Ìdáhùn Rẹ

Birmingham,
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,



Màámi sọ fún mi lórí fóònù pé o fẹ́ pa Further Maths tì, torí pé olùkọ́ lẹ́sìnnì fi àmì X pupa sí iṣẹ́ rẹ, wọ́n ní kò bá ti ìwé mu. Mo ti wo fọ́tò tí o fi ránṣẹ́. Ohun tí o kọ tọ̀nà. Ti inú ìwé náà tọ̀nà.

Wò ó dáadáa. Wọ́n ní kí o ṣe integration sin x cos x. O fi u dúró fún sin x, o sì rí ½ sin²x + C. Ìwé fi u dúró fún cos x, ó rí −½ cos²x + C. Ẹni tó bá gba ọ̀nà sin 2x yóò rí −¼ cos 2x + C. O ṣáà mọ̀ pé sin²x + cos²x kì í ju 1 lọ, kì í sì dín. Nítorí náà, bí o bá yọ −½ cos²x kúrò nínú ½ sin²x, ½ péré ló máa ṣẹ́ kù, iye yòówù kí x jẹ́. Inú C, iye tí kì í yí padà, ni ½ yẹn wọ̀ sí. C tìrẹ àti C ti ìwé kì í ṣe iye kan náà.

Ó dà bí ìrìn ojú ọ̀nà: ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka kìlómítà láti Mile 2 àti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti Volks kò lè pe iye kan náà ní Iyana Iba tàbí ní Okokomaiko, ṣùgbọ́n bí Iyana Iba ṣe jìnnà sí Okokomaiko kò yí padà fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ń fúnni ní ½ bí a bá ṣe é láti 0 dé π/2. Fi ọwọ́ ara rẹ ṣe é, wàá rí i.

Lọ́jọ́ mìíràn tí ìdáhùn rẹ bá yàtọ̀ sí ti ìwé, differentiate rẹ̀ padà. Bí o bá bá sin x cos x níbẹ̀, fọkàn balẹ̀. Má sì fi C sílẹ̀ láé, torí láìsí i, ½ sin²x àti −½ cos²x kò dọ́gba.

Fi ọ̀wọ̀ mú lẹ́tà yìí lọ bá olùkọ́ rẹ, kí ẹ jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Integration pọ̀ nínú físíìsì tí o fẹ́ lọ kà ní LASU, nílùú Ojo. Jọ̀wọ́, fi Further Maths sílẹ̀ nínú iṣẹ́ tí o máa ṣe ní WAEC, má yọ ọ́.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.