Bí Mo Ṣe Kọ́ Iṣẹ́ Afinimọ̀nà ní New York

Ní ìlú New York, òfin ni pé ẹni tó bá fẹ́ máa gbowó lọ́wọ́ àlejò láti mú wọn káàkiri gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Ìdánwò ló ṣíwájú ìwé àṣẹ náà: ìbéèrè 150, ẹni tí kò bá sì gba 97 ó kéré tán, kó padà sílé lọ kàwé sí i. Mo kàwé títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì. Mo mọ ọdún tí wọ́n ṣí afárá Brooklyn, 1883. Mo mọ ọjọ́ tí wọ́n ṣí ère Òmìnira, ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1886. Mo yege. Ìgbà tí mo yege tán ni mo wá rí i pé ẹnu iṣẹ́ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo sì lọ wá ọ̀gá.

Ọ̀gá tí mo rí jẹ́ obìnrin Ìjẹ̀ṣà kan tó ti pẹ́ ní Bronx. Màmá ni gbogbo àwa tí a kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ń pè wọ́n. Wọn kì í pariwo, wọn kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Irinṣẹ́ wọn kò pọ̀: agboòrùn pupa kan tí wọ́n máa ń nà sókè káwọn àlejò lè rí wọn láàárín èrò, bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn, ìwé pélébé kan àti bírò, àti báàgì tí wọ́n kó omi, báńdéèjì àti wáyà fóònù sí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ lé wọn, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo kàwé. Bí a bá ti dé iwájú ilé kan báyìí, mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀. Màmá jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, wọ́n ní, “Ta ló bi ọ́? O ń rojọ́ níwájú, ìtọ̀ ń gbọ̀n ìyá àgbàlagbà tó wà lẹ́yìn. Ìtàn ò ní sá lọ. Ìtọ̀ ni kì í dúró deni.”

Nítorí náà, ilé ìtọ̀ ni mo kọ́kọ́ kọ́. Wọ́n ra ìwé pélébé tèmi fún mi, wọ́n ní kí n lọ kọ gbogbo èyí tí àlejò lè wọ̀ láìsanwó: ibo ló wà, àgbékà wo, aago mélòó ni wọ́n ń tì í, ṣé kẹ̀kẹ́ arọ lè gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó ń tini lójú díẹ̀ láti máa bi àwọn ẹ̀ṣọ́ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé náà wúlò ju gbogbo èyí tí mo kà fún ìdánwò lọ, torí irú ibẹ̀ kò pọ̀ ní ìlú náà. Ọ̀kan wà ní Bryant Park, lẹ́yìn ilé ìkàwé ńlá tó wà ní Street 42, tí wọ́n máa ń fi òdòdó tútù ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Òmíràn wà nísàlẹ̀ Grand Central, níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ. Títí dòní, ibi tí mo bá mú àlejò dé, ojú mi á kọ́kọ́ wá ibẹ̀ ná.

Ẹ̀yìn èyí ni Màmá tó mú mi wọ títì. Manhattan kò le fún ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe là á. Ní 1811 ni ìgbìmọ̀ kan ya àwòrán rẹ̀: àwọn Avenue gùn láti gúúsù lọ sí àríwá, àwọn Street dábùú wọn, wọ́n sì fún wọn ní nọ́ńbà. Fifth Avenue ló pín in sí ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn, láti ibẹ̀ sì ni nọ́ńbà ilé ti ń bẹ̀rẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì. Ẹni tó bá kọjá Street 20 ti rin nǹkan bíi máìlì kan. Broadway nìkan ló ya olóríkunkun, tó wọ́ kọjá láàárín gbogbo wọn bó ṣe wù ú. Nísàlẹ̀ ìlú, níbi táwọn ará Họ́láńdì kọ́kọ́ tẹ̀dó sí, títì ti wà kí àwòrán tó dé, ètò nọ́ńbà ò sì ràn án.

Màmá á mú mi gba abẹ́ ilẹ̀ jáde síbi tí n kò mọ̀, wọn á ní, “Ìlà oòrùn dà?” Wọn ò gbà kí n fa fóònù yọ, torí láàárín àwọn ilé gogoro wọ̀nyẹn, fóònù náà máa ń dàrú. Níbẹ̀rẹ̀, ńṣe ni mo ń pòòyì lójú kan. Wọ́n wá kọ́ mi pé kí n wo ibi tí ọkọ̀ kọjú sí. Ní ọ̀pọ̀ Street tó jẹ́ ọlọ́nà kan, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣeé pín sí méjì dọ́gba, ìlà oòrùn ni ọkọ̀ ń lọ. Bí kò bá ṣeé pín, ìwọ̀ oòrùn ni. Ó pẹ́ kó tó wọ̀ mí lára, àmọ́ ọjọ́ tó wọ̀ mí lára, kò tún jáde mọ́.

Central Park ní ìṣòro tirẹ̀. Láti Street 59 ló ti gùn dé 110, igi sì bo àwọn ilé mọ́ni lójú, àlejò á kàn máa yí po ni. Màmá dúró ti òpó iná kan níbẹ̀, wọ́n fi ṣóńṣó agboòrùn kan irin pẹlẹbẹ kékeré tó wà lára rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin ló wà níbẹ̀: 7203. “Kà á fún mi.” Mo kà á bí ẹni ń ka owó. Wọ́n mi orí. Méjì àkọ́kọ́ ń sọ Street tó sún mọ́ ibẹ̀ jù, ìyẹn 72. Èyí tó kẹ́yìn ń sọ apá tí èèyàn wà: bó bá ṣeé pín sí méjì, ìlà oòrùn, bí kò bá ṣeé pín, bíi 3 yìí, ìwọ̀ oòrùn. A rìn láti òpó dé òpó, mo ń pe ibi tí a wà kí n tó gbójú sókè, títí ó fi yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Bí ọmọdé bá wà láàárín àwọn àlejò mi báyìí, òun ni mo máa ń kọ́ ní òpó iná kíkà. Àwọn òbí rẹ̀ ló máa tẹ̀ lé e.

Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ló gba àkókò jù. Láti 1904 ló ti ń ṣiṣẹ́, ibùdó rẹ̀ lé ní 470, tọ̀sán-tòru ló sì ń rìn. Màmá ní kí n máa wo orí àtẹ̀gùn kí n tó sọ̀ kalẹ̀, torí ní ọ̀pọ̀ ibùdó, ẹnu ọ̀nà Uptown tó ń lọ sókè ìlú yàtọ̀ sí ti Downtown. Ẹni tó bá sanwó wọ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ lè ní láti jáde, kó lọ sanwó míì ní òdìkejì títì. Wọ́n ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá Local tó ń dúró ní gbogbo ibùdó ni ọkọ̀ náà, àbí Express tó ń fo òmíràn. Wọ́n sì ní bí ooru bá mú, tí gbogbo kóòṣì kún, tí ọ̀kan ṣófo, kí n má dárò ìjókòó: ẹ̀rọ amútútù inú rẹ̀ ti kú ni, tàbí kí òórùn burúkú kan wà níbẹ̀.

Láàárín ibi tí èrò ti ń dúró de ọkọ̀, pátákó kan so mọ́ òkè tó ní ìlà funfun àti dúdú. Bí ọkọ̀ bá dúró, òṣìṣẹ́ tó wà láàárín rẹ̀ á yọjú ní fèrèsé, á na ìka sí pátákó yẹn, láti fi hàn pé ọkọ̀ dúró síbi tó yẹ, kó tó ṣí ilẹ̀kùn. Abẹ́ pátákó náà ni kí afinimọ̀nà kó àlejò rẹ̀ sí. Òṣìṣẹ́ náà á rí yín, ẹ lè bi í ní ìbéèrè, pàápàá lálẹ́.

Ọ̀rọ̀ kíkà tún kù. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, bẹ́ẹ̀ afinimọ̀nà tí kò bá mọ iye èrò rẹ̀ á sọ ẹnìkan nù. Ojú ń tì mí láti na ìka sí àgbàlagbà. Màmá rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn fúnra wọn kì í ka ẹnikẹ́ni. Àárọ̀ ni wọ́n ti máa ń to àlejò ní méjì-méjì, kí kálukú mọ ẹnìkejì rẹ̀, tó bá wá di ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, kìkì ohun tí wọ́n ń béèrè ni, “Ẹnìkejì rẹ ńkọ́?” Àdéhùn kan sì wà: ẹni tí ọkọ̀ bá já sílẹ̀, kó wọ èyí tó ń bọ̀, kó sọ̀ ní ibùdó tó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ la ó ti dúró dè é.

Lórí owó, Màmá kò gba gbẹ̀rẹ́. Ẹni tó bá sọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú JFK, kó má dá ẹnikẹ́ni tó bá ń pe èrò nínú ilé lóhùn; kó jáde lọ tò síbi tí àwọn takisí aláwọ̀ ìyeyè wà. Dọ́là 70 ni iye tí ìjọba fọwọ́ sí láti ibẹ̀ dé Manhattan, yàtọ̀ sí owó afárá, àwọn àfikún àti tíìpù. Ní ti ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, MetroCard táwọn tó ti wá tipẹ́ fi ń sanwó rẹ̀ ti kógbá wọlé, wọn ò tà á mọ́ láti ìparí 2025. Káàdì báńkì tàbí fóònù lèèyàn ń fi kan ẹnu ọ̀nà báyìí, dọ́là 3 ni. Ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ ní ìgbà 12 láàárín ọjọ́ 7 kò ní sanwó mọ́ títí ọjọ́ náà á fi pé, àmọ́ ohun kan náà ni kó máa fi kàn án. Ẹni tó bá fi káàdì kàn án lónìí, tó fi fóònù kàn án lọ́la, ẹ̀rọ á kà á sí èèyàn méjì.

Ilé oúnjẹ ni a ti kọ́ tíìpù. Iye tí wọ́n kọ sára ọjà ní ìlú yìí kọ́ ni èèyàn máa san. Owó orí 8.875 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀, àyàfi àwọn ọjà kan, bíi aṣọ àti bàtà tí owó wọn kò tó dọ́là 110. Àwọn tó ń gbé oúnjẹ sì ń retí tíìpù bíi 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ owó wọn ti ń wá. Màmá á ti bébà ìṣirò sí iwájú mi, wọn á ní kí n sọ iye rẹ̀ láìlo fóònù. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí èèyàn sọ owó orí di méjì. Oúnjẹ dọ́là 40, owó orí rẹ̀ dọ́là 3 àti sẹ́ǹtì 55. Ìlọ́po méjì rẹ̀, dọ́là 7 àti sẹ́ǹtì 10. Ó parí. Kí èèyàn sì kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n ti fi tíìpù kún un tẹ́lẹ̀.

Fáwọn tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà, ẹ̀kọ́ tiwọn wà lọ́tọ̀. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè ní àgbékà kìíní níbẹ̀. Oṣù ló máa ń ṣíwájú ọjọ́ nínú déètì wọn. Iná wọn 120 volt ni, ihò rẹ̀ kò sì gba púlọ́ọ̀gì wa. Owó ilé ìwòsàn wọn ń dáni lẹ́rù, kí àlejò ti ra adójútòfò kó tó kúrò nílé. Ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ Staten Island ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ère Òmìnira kọjá. Ẹni tó bá ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lójú títì, olè ni. Ẹni tó bá gbé aṣọ eré wọ̀ ní Times Square, tó ní kí ẹ wá ya fọ́tò, owó ló ń wá. Ohun tí Màmá fi kọ́ wa kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: “Dúpẹ́, má dúró.”

Ìgbà tí mo gbọ́ gbogbo èyí yó ni wọ́n tó mú mi lọ sí itẹ́ òkú àwọn ọmọ Áfíríkà ní ìsàlẹ̀ Manhattan. Ní 1991, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ kọ́ ilé síbẹ̀, ni wọ́n kan egungun àwọn ènìyàn wa, ẹrú àti olómìnira, tí wọ́n ti sin síbẹ̀ láyé àtijọ́. Wọ́n dá egungun 419 padà sínú ilẹ̀ ní 2003. Mo ti mọ gbogbo rẹ̀ lórí, mo sì fẹ́ sọ ọ́. Màmá kàn fi ọwọ́ kàn mí léjìká. Àwọn àlejò wọlé, wọ́n rìn yí ká, wọ́n kàwé ara ògiri, ẹlẹ́kún sunkún. Ìgbà tí wọ́n jáde tí wọ́n béèrè ni mo tó lanu, ìbéèrè wọn ni mo sì dáhùn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń mọ ìgbà tó yẹ kí n dákẹ́.

Mo jẹ Màmá ní gbèsè, mo jẹ àwọn míì náà: òṣìṣẹ́ rélùwéè tó jókòó ṣàlàyé fún mi lóru, àti obìnrin agbáwo tó sọ òótọ́ owó oṣù rẹ̀ fún mi kí n lè rí i sọ fún àlejò.

Nígbà tó yá, Màmá ní kí n dá mú àwọn àlejò kan jáde, Màmá náà sì tẹ̀ lé wa bí àlejò, wọn ò sọ nǹkan kan láti àárọ̀ títí a fi parí sí Battery. Mo rò pé èmi ni wọ́n máa bi ní ìbéèrè. Ọkùnrin Jámánì kan ni wọ́n yíjú sí, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ sí JFK, ọ̀nà wo ni kí àwọn gbà. Ọkùnrin náà kò wo ojú mi. Ó ní kí wọ́n rìn dé Fulton Street, kí wọ́n wọ ọkọ̀ A, kí wọ́n ka iwájú rẹ̀ dáadáa kó má lọ jẹ́ èyí tó ń lọ Lefferts, kí wọ́n sọ̀ ní Howard Beach, kí wọ́n wọ AirTrain. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n wá kọjú sí mi, wọ́n ní, “Àwọn ará Brazil ń bọ̀ lọ́la, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ìwọ lo ni wọ́n. Má pẹ́.”