Táyà Jíjò ní Ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré

Ẹni tí ó bá mọ ìhà gúúsù Èkìtì yóò mọ̀ pé ìrìn àjò ibẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kò ṣeé fojú di. Bí a bá ti Adó-Èkìtì bọ̀, àwọn òkè àpáta Ìkẹ́rẹ́, Olósùnta àti Òròlé, ni yóò kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀ sí ìlú Ògògà. Bí a bá forí lé ìhà ìlà-oòrùn, a ó dé Ìsẹ̀, ìlú Arínjalẹ̀, níbi tí Ọlọ́wẹ̀, gbajúmọ̀ agbẹ́gilére, ti ṣiṣẹ́. Ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ ti wà lọ́wọ́ British Museum ní London láti 1924. Lẹ́yìn Ìsẹ̀ ni Emùré, ìlú Elémùré. Ilẹ̀ kòkó, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti igi gẹdú ni gbogbo rẹ̀, máṣínnì ni ó sì ń gbé ènìyàn àti ẹrù láti oko dé ọjà.

Ṣùgbọ́n táyà méjì péré ni máṣínnì ní. Kò sí ẹ̀kẹta tí a fi pamọ́ bíi ti mọ́tò. Bí ọ̀kan bá jò, ìrìn àjò dúró nìyẹn. Ní ọjọ́ 29 oṣù January ọdún 2024, àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ iléèwé kan dúró ní agbègbè Emùré, wọ́n sì kó àwọn ọmọ àti olùkọ́ lọ. Ó di oṣù February kí àwọn ọmọ náà tó padà sọ́dọ̀ òbí wọn. Nítorí náà, kì í ṣe táyà jíjò gan-an ni ewu, bí kò ṣe ibi tí ó bá wa sí àti àkókò tí ó bá wa.

ILÉ NI A TI Ń KÓ Ẹ̀ṢỌ́ RÒDE

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹ yẹ táyà wò. Ẹ fi ọwọ́ pa á yí ká, bóyá ìṣó tàbí òkúta mímú ti há sí i. Ẹ wọn atẹ́gùn rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ máṣínnì kéékèèké, nǹkan bí 25 ni ti iwájú, ti ẹ̀yìn sì jẹ́ 28 sí 32 bí ẹrù bá ti pọ̀ sí. Ìwé tí ó bá máṣínnì yín wá ni kí ẹ tẹ̀lé. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kéré a máa gbóná, a sì máa fún túùbù pọ̀ mọ́ irin.

Ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀ pẹ̀lú. Michelin ti ilé iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt ní 2007, Dunlop sì ṣíwọ́ ní Ìkẹjà ní 2008, nítorí náà òkè òkun ni púpọ̀ nínú táyà wa ti ń wá, òmíràn á sì ti pẹ́ nílẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin ni kí ẹ wá lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é.

Nínú àpò kékeré, ẹ kó túùbù kan, irin ìtú táyà méjì, sípánà tí ó bá nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ mu, pọ́ǹpù, gọ́ọ̀mù àti ìlẹ̀mọ́, pépà tí a fi ń ha nǹkan, omi díẹ̀ àti tọ́ọ̀ṣì.

BÍ Ó BÁ JÒ

Ẹ má tẹ bíréèkì lójijì. Ẹ di ọwọ́ máṣínnì mú ṣinṣin, ẹ dín eré kù díẹ̀díẹ̀, ẹ sì rọra lo bíréèkì táyà tí kò jò. Kí ẹni tí ó wà lẹ́yìn má ṣe fò sílẹ̀.

Bí ibẹ̀ bá mọ́lẹ̀ tí ènìyàn sì wà nítòsí, ẹ tú ẹsẹ̀ náà, ẹ yọ túùbù, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ sì da omi sí i lára. Ibi tí ó bá ń hó ni ó ti lu. Ẹ ha ojú ibẹ̀, ẹ fi gọ́ọ̀mù pa á, kí ẹ dúró títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, lẹ́yìn náà ẹ lẹ̀ ẹ́ kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Kí ẹ tó dá a padà, ẹ wá ohun tí ó gún un nínú táyà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò tún gún un.

Bí ẹ bá dé ìlú, ẹ gbé e fún fọganáísà. Iná ni ó fi ń lẹ̀ ẹ́, tirẹ̀ sì máa ń pẹ́ ju ti ojú ọ̀nà lọ. Láti 1839 tí Charles Goodyear ará Amẹ́ríkà ti rí i pé rọ́bà tí a fi imí-ọjọ́ sí tí a sì fi iná mú a máa lágbára, ni irú iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ń ṣú, tí igbó sì yí yín ká, ẹ má jókòó tú táyà. Ẹ rọra wa máṣínnì bẹ́ẹ̀ dé abúlé tí ó súnmọ́ jù. Yóò ba táyà àti túùbù jẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n rírà ni táyà, ẹ̀mí kò ṣeé rà. Ẹni tí ó sì lọ sí ìṣọ́ òru, kí ó sùn síbẹ̀ di òwúrọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ọmọ tí ó ń gun máṣínnì lọ sí Emùré lówùúrọ̀ nílò àdúrà yín. Bí ẹ bá ti súre fún un tán, ẹ bi í pé, “Ọmọ mi, túùbù tí o fi pamọ́ dà? Pọ́ǹpù rẹ ńkọ́?” Bí kò bá ní, ẹ bá a rà á. Olúwa yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa.