Òkú Tó Wá Gba Owó Iṣẹ́ Rẹ̀

Nígbà tí fíìmù náà parí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni màámi bi mí: "Ṣé ó san án pé?"

Kò béèrè ìdí tí ojú àwọn ọmọbìnrin yẹn fi funfun báláú lóru. Ọ̀rọ̀ òkú kò ká a lára rárá. Owó ló ń béèrè.

Atlantique la jọ wò lálẹ́ ọjọ́ náà ní Ìbàdàn, fíìmù tí Mati Diop ṣe ní Dakar, tó gba ẹ̀bùn Grand Prix ní Cannes lọ́dún 2019. Wolof ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, nítorí náà mò ń ka ìtumọ̀ tó wà nísàlẹ̀, mo sì ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún un. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ń kọ́ ilé gogoro kan. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ọ̀gá wọn kò fi sanwó. Nígbà tó sú wọn, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lóru, wọ́n dorí kọ Spain, òkun sì gbé wọn mì. Kò pẹ́ tí òkú wọn fi ń gun àwọn ọmọbìnrin àdúgbò lóru. Àwọn ọmọ náà á dìde, wọ́n á lọ jókòó sílé ọ̀gá yẹn, wọ́n á ní kó kó owó iṣẹ́ àwọn wá.

Ẹ lè rò pé àkúdàáyà nìyẹn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Àkúdàáyà a máa sá fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n rí. Àwọn tinú Atlantique, ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ wọ́n dáadáa ni wọ́n padà sí, torí pé ó jẹ wọ́n.

Mo mọ ohun tó mú màámi béèrè. Bíríkìlà ni àbúrò mi ọkùnrin. Oṣù mẹ́rin ló fi ṣiṣẹ́ fún kọngílá kan tí kò san kọ́bọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni ó máa ń ní kó ṣe sùúrù. Àbúrò mi gba Agadez lọ sí Libya. Ó ti wà ní Ítálì báyìí, ó ń pè wá lọ́jọ́ Sunday, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n títí dòní, tí kọngílá yẹn bá pàdé màámi lọ́nà, á dúró, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, màmá. Ọmọ wa ńkọ́?"

Irú ẹ̀rín yẹn ni mo ti bá pàdé ní England lọ́dún 2017, nígbà tí mò ń kàwé fún másítà. Mò ń tọ́jú ìyá àgbàlagbà kan lóru kí n lè rówó ilé san. Ọmọ ìyá náà a máa pè mí ní ọmọ ilé. Lọ́jọ́ kan mo tètè dé, mo bá a níbi tó ti ń ka ṣíbí fàdákà. Ọdún yẹn náà ni Get Out jáde. Nígbà tí mo rí ìyá Rose tó ń fi ṣíbí ro tíì, tí Chris ń rì lọ láìkúrò lórí àga, ẹ̀rín bú mọ́ mi lẹ́nu nínú sinimá. Àwọn tó jókòó nítòsí yíjú wò mí. Ìkíni àwọn ará ibẹ̀ ló dẹ́rù bà mí jù: bàbá Rose ní òun ìbá dìbò fún Obama lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn àlejò ń yin Chris, wọ́n ń tẹ apá rẹ̀ wò bí ẹni ń ra ẹran. Ọjà ni lóòótọ́. Wọ́n fẹ́ ra ara rẹ̀, kí wọ́n fi ọpọlọ òyìnbó sínú ẹ̀.

Ọ̀ràn awọ dúdú àti ọ̀ràn òṣì kò jìnnà síra nínú àwọn fíìmù yìí. Ẹnì kan ń lo ara ẹlòmíràn, kò sì fẹ́ san nǹkan kan. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé; òkú ni wọ́n wá fi rán an létí.

Àwa náà ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Nínú Living in Bondage, fíìmù Igbo ọdún 1992, Andy fi ìyàwó rẹ̀ Merit ṣe owó, Merit kò sì jẹ́ kó gbádùn ẹ̀. Ibi tó parí sí ni kò tẹ́ mi lọ́rùn: ìjọ gba Andy là. Ta ló lọ bá ẹbí Merit?

Atlantique náà ní tiẹ̀ o. Kò sẹ́ni tó tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin tí òkú ń gùn. Àní nígbà tí tálákà ń gbẹ̀san, ara obìnrin ni wọ́n fi ṣe ẹsẹ̀.

Mo dá màámi lóhùn pé ó san án, àti pé wọ́n tún mú un lọ sí itẹ́ òkú lóru, kó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ sàréè wọn. Ó mi orí. Ó dìde, ó ṣí àpótí rẹ̀, ó mú ìwé kékeré kan jáde tí àbúrò mi máa ń sàmì ọjọ́ tó bá lọ síbi iṣẹ́ sí. N kò mọ̀ pé ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bá mi kà á," ó ní.

Mo kà á. Ọjọ́ 96 ni.

Ó ní kí n tún un kà.