Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lóun fẹ́ẹ́ máa fi ohùn tẹ́nọ̀ jẹun, làwọn ẹbí bá fárígá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ yìí o. Tọ́mọ bá lóun fẹ́ẹ́ di dókítà, gbogbo ẹbí á pàtẹ́wọ́. Tó bá lóun fẹ́ẹ́ di lọ́yà, wọ́n á ní Ọlọ́run á ṣe é. Ṣùgbọ́n tó bá lóun fẹ́ẹ́ máa kọ ọ́pẹ́rà ńkọ́, tó ní ohùn tẹ́nọ̀ tó wà lọ́fun òun lòun fẹ́ẹ́ fi ṣiṣẹ́? Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa ní Ọ̀rẹ̀ nìyẹn, nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin parí ìwé mẹ́wàá rẹ̀.

Kí n tó máa bọ́rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tá à ń sọ. Ẹni tó bá ń kọrin ní kọ́áyà mọ̀ pé tẹ́nọ̀ lohùn ọkùnrin tó máa ń lọ sókè, báàsì sì wà nísàlẹ̀. Èmi náà ń kọ tẹ́nọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Odígbó, dò-rè-mì la sì fi kọ́ ọ. Ọ́pẹ́rà ní tiẹ̀, eré orí ìtàgé ni, àmọ́ orin ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ inú ẹ̀. Àwọn onífèrè, onílù àti onígòjé á jókòó síwájú ìtàgé, wọ́n á máa lù ú kíkankíkan, olórin ò sì ní máíkì lẹ́nu. Ohùn tiẹ̀ nìkan ló máa la gbogbo ariwo yẹn kọjá, tó máa débi tí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá wà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn eré náà, èdè Ítálì, ti Jámánì àti ti Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, olórin sì gbọ́dọ̀ há gbogbo ẹ̀ sórí. Ṣé ẹ rí i pé iṣẹ́ ni, kì í ṣe fàájì.

Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ló kọ́kọ́ la ẹnu sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tá a pèpàdé. Ó ní ṣé ọmọ tá a fi owó kòkó rán níléèwé ló fẹ́ẹ́ di alágbe? Àwọn yòókù ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ò ká mi lára, nítorí mo mọ èsì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá ọmọ ló dá mi dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọ mọ́tò láti Èkó lọ sí Benin mọ ìlú wa dáadáa, níbi tí mọ́tò ti máa ń dúró kí èrò jẹun. Búrẹ́dì ni ẹ̀gbọ́n mi yìí ń tà létí títì níbẹ̀, ohùn ló sì fi ń tà á. Ó ní, "Àbúrò mi, èmi náà ń fi ọ̀fun jẹun. Ọjọ́ tí ọ̀fun bá ń dùn mí, ọjà mi kì í tán. Mi ò fẹ́ kọ́mọ mi náà máa wo ọ̀fun kó tó jẹun." Kò sírọ́ ńbẹ̀. Bó ṣe rí fún tẹ́nọ̀ náà nìyẹn: ọ̀pọ̀ wọn, iye ìgbà tí wọ́n bá kọrin ni wọ́n máa gbowó fún. Tí ọ̀finkìn bá mú un lọ́jọ́ eré, owó lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá yanjú ti alágbe ná. Orúkọ tí wọ́n máa ń pe àwọn eléré ìbílẹ̀ wa nìyẹn. Hubert Ògúndé, ọlọ́pàá ni. Eré tó kọ́kọ́ ṣe fún ṣọ́ọ̀ṣì l'Ékòó ní 1944, ọ́pẹ́rà ni wọ́n pè é, ní 1945 ló sì dá ẹgbẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀. Dúró Ládípọ̀ ńkọ́? Tíṣà ni. Ní 1961, ó gbé ìlù wọ inú orin Àjíǹde ní ṣọ́ọ̀ṣì l'Óṣogbo, àwọn kan bínú sí i, ló bá gbé eré tiẹ̀ jáde síta. Ó ṣe Ọba kò so ní 1963, nígbà tó fi máa di 1964, ó ti gbé e dé Berlin ní Jámánì. Ta ló tún máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lálágbe?

Àmọ́ tí ọmọ wa yàtọ̀, ó ní ọ́pẹ́rà àwọn òyìnbó lòun ń wí. Ìyẹn náà lẹ́ni tó ti ṣe é. George Shirley, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1934, tíṣà ni ní Detroit kó tó wọṣẹ́ ológun, ó sì kọrin nínú kọ́áyà àwọn ológun. Ní 1961 ló borí nínú ìdíje Metropolitan Opera ní New York. Ọdún yẹn náà ni ẹnì kan tó yẹ kó kọrin níbẹ̀ ò lè kọ ọ́, ni wọ́n bá pe Shirley. Òun ni tẹ́nọ̀ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe ipa ńlá níbẹ̀, odidi sáà mọ́kànlá ló sì lò lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tó yá, ó padà sídìí iṣẹ́ tíṣà, ó sì kọ́ni lórin ní Yunifásítì Michigan.

Ẹ tún un wò dáadáa o. Ọlọ́pàá, tíṣà, tíṣà! Kò sẹ́ni tó fi ọ̀fun nìkan bẹ̀rẹ̀ nínú wọn. Èyí tó sì yẹ ká bẹ̀rù jù fún ọmọ wa kì í ṣe ohùn, ibi iṣẹ́ ni. Àwọn New York àti Lọ́ńdọ̀nù nílé ńlá tí wọ́n kọ́ fún ọ́pẹ́rà. Níbí, tẹ́nọ̀ wa a máa kọrin níbi ìgbéyàwó, níbi ìsìnkú, àti lásìkò Kérésì, á sì tún máa kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀kọ́ ṣá wà. MUSON l'Ónìkan, l'Ékòó, ti ní iléèwé orin láti 1989, wọ́n sì máa ń gbọ́ ohùn èèyàn kí wọ́n tó gbà á.

Ìdí tí mo fi sọ fún ẹbí nìyẹn pé màá sanwó ẹ̀ nínú owó oṣù tí mò ń gbà ní sọ́mìlì, ṣùgbọ́n ọmọ náà máa kọ́ dùùrù mọ́ ọn, yóò sì gbàwé ẹ̀rí tíṣà. Ó gbà. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ń kùn, àmọ́ kò tún pe ẹnikẹ́ni lálágbe mọ́. Ìyá ọmọ ló kù. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ní ká fóun láyè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ tó lóhùn, kí lẹ rí sí i? Owó náà ti wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo látẹnu ìyá ẹ̀ ni mò ń dúró dè.